Ibi tí Bàbá ti ń ṣí fìlà

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Prámárì fáìfù ni mo kà mọ, n kò sì parí rẹ̀. Bí mo bá ń kọ ọ̀rọ̀, ó máa ń pẹ́ kí n tó mọ ibi tí ó yẹ kí n dá a dúró sí, ẹ ó sì rí i pé mo ń fò láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn tó mọ ìwé dáadáa nínú ẹbí wa ti kọ tiwọn nípa Bàbá, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí wọ́n pín lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní ó jẹ́ onísùúrù, wọ́n ní ó fẹ́ràn ọmọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n lè mọ̀ bóyá ẹni tí mo mọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí mo mọ̀ ni èmi yóò sọ.

Bàbá yìí ló bí bàbá mi. Òun ló ń ṣọ́ Òkè Ajílà, lẹ́yìn Òkè-Ògbò ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, bí bàbá tirẹ̀ ti ṣọ́ ọ. Lórí òkè náà ni òkìtì òkúta ńlá kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ibojì Ọba Òkè. Ọba àtijọ́ ni, a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Nísàlẹ̀, ní apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, ni ahoro ìlú rẹ̀ wà: àlàpà ògiri tí koríko ti bò, àti ilẹ̀ tí àwọn ará ìgbà náà fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì lóòró bí eyín, tí òjò kò fi lè hú u títí di òní. Àwọn èèyàn máa ń wá wò ó, àwọn ọmọ yunifásítì, àwọn òyìnbó, àwọn ọmọ ilé ìwé tí tíṣà wọn kó wá nínú bọ́ọ̀sì. Bàbá ló ń mú wọn gòkè.

Ohùn méjì ni Bàbá ní. Nílé, èdè Ifẹ̀ ló ń sọ, kíákíá, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ń jó o lẹ́nu. Bó bá ti rí àlejò nísàlẹ̀ òkè, ohùn rẹ̀ á falẹ̀, á wá máa sọ Yorùbá bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Á ní kí wọ́n bọ́ bàtà. Á ní kí wọ́n má súfèé. Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà ń fi kòbókò kọ́ gbogbo ìlú láti máa tò sórí ìlà, inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó ní ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí òun ti mọ̀ tipẹ́ ni. Láti ìgbà náà, ńṣe là ń tò gòkè, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kejì, bíi ti ibi tí wọ́n ti ń ra ṣúgà. Bí a bá dé òkè, á na ọ̀pá sí òkìtì náà, á ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun.

Ọmọkùnrin yunifásítì kan jókòó gbì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Bàbá, àwọn wo ló gbé òkú ọba gun òkè tó ga tó báyìí? Àwa tí a ò ru nǹkan kan, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tó gbé e kì í jẹ búrẹ́dì."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó ra bàtà fún mi. Ó ti Ẹ̀nuwá dé, ó na sìlípáàsì rọ́bà aláwọ̀ búlúù sí mi. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí Bàbá kì í ra nǹkan fún ọmọbìnrin. Mo wọ̀ ọ́ wò, ẹsẹ̀ mi ń yọ nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ó tóbi díẹ̀."

Ó ní, "Ó mọ níwọ̀n. Máa wọ́ ọ nílẹ̀."

Èmi nìkan ni mo ń wọ bàtà gun òkè. Bí àlejò bá bèèrè ìdí rẹ̀, Bàbá á ní, "Ọmọ ilé ni." Inú mi ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ojú Bàbá ti ń ṣú, pé ìró sìlípáàsì mi ló ń gbọ́ tó fi ń mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Bó bá di ibi tí òkúta wà, màá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ gbòǹgbò, màá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àlejò tó mọ̀. Wọ́n rò pé ọmọ aláìsàn kan ló ń lọ níwájú bàbá tó lágbára.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó ra bàtà náà, n kò lọ sí ilé ìwé. Màámi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ títí omi ẹ̀kọ fi tutù lórí àdògán.

"Bàbá mi, ẹ ṣàánú mi. Ó ku ọdún kan péré kó gba ìwé mẹ́fà. Ẹ mú Délé."

Délé ni àkọ́bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọjọ́ orí kan náà ni wá.

"Délé ń kàwé."

"Mojí náà ń kàwé, Bàbá mi."

Bàbá dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń gun òkè." Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná kọ lẹ́tà wá pé kí a ṣe ohun tí Bàbá bá wí. Màámi ló kó àwọn ìwé mi sínú àpótí. Kò jẹ́ kí n bá òun kó o.

Obìnrin kan wà tó ń wá láti yunifásítì, Mádàámù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní gíláàsì lójú, ó sì ń mú okùn ìwọ̀nlẹ̀ wá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ á máa fi wọn òkìtì náà yíká, tí wọ́n á máa yà á sínú ìwé. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Mojí, mà."

"Kíláàsì wo lo wà, Mojí?"

Bàbá ló dáhùn. "Kò sí ní kíláàsì. Èmi ni mò ń kọ́ ọ."

"Kí lẹ ń kọ́ ọ, Bàbá?"

"Ọ̀nà."

Mádàámù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ síléèwé láàárọ̀, kó máa tẹ̀ lé yín lọ́sàn-án. Mo lè bá ọ̀gá iléèwé sọ ọ́ fúnra mi. Ẹ ò ní náwó kankan."

Mo wo ojú Bàbá. Bàbá fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ka ìwé títí, ìdí òkìtì mi lẹ ṣì wá kúnlẹ̀ sí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mádàámù náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ńlá jáde láti yunifásítì, pẹ̀lú àwòrán òkìtì wa, bó ti ga tó, bó ti fẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Délé, ra ọ̀kan, ó gbé e sórí tábìlì nílé rẹ̀ ní Òkè-Ògbò, ó tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti fìlà. Abetí ajá dúdú kan ni, tí òógùn ti jẹ etí rẹ̀. Bàbá kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n sàmì fún àbúrò Délé, ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sì rọra fi ọwọ́ tọ́ ọ léjìká pé kó jọ̀ọ́ kó ṣí fìlà. Bàbá yí padà. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Olúwa. Mo wà níta." Ìta ló sì wà títí ìsìn fi parí, lábẹ́ oòrùn. Kódà lórí òkè, níbi tó ti ń ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kúnlẹ̀, fìlà rẹ̀ á wà lórí.

Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti lọ, a máa ń gba inú ahoro padà sílé. Ibì kan wà níbẹ̀, n kò ní kọ ibi tó wà gan-an, tí àpáàdì ilẹ̀ ti yí po bí ẹní tí a ká. Bàbá a máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ iṣu sísun. Kó tó jókòó, á ṣí fìlà. Á gbé e sórí orúnkún rẹ̀, á jẹun tán, á da omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú èyí tó fẹ́ mu, á tó wá dé fìlà padà. Mo rí i fún ọdún mẹ́rin. Mo rò pé ooru ló ń mú un ni.

Ní ọjọ́ kan, tí òjò ti rọ̀ tí atẹ́gùn sì tutù, ó tún ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bèèrè.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ máa ń ṣí fìlà níbí, tí ẹ kì í ṣí i lókè?"

Ó jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán. Ó ní, "Níbo lo jókòó sí?"

"Orí àpáàdì yìí ni."

"Dìde níbẹ̀."

Mo dìde kíákíá. Ó wá sọ fún mi pé ibẹ̀ ni Ọba wà. Kò sí òkú kankan lábẹ́ òkìtì orí òkè. Nígbà tí ogun lé àwọn baba wa kúrò nínú ìlú náà, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú ọba wọn. Wọ́n to òkúta sórí òkè níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kí ẹni tó bá ń wá ibojì lè máa gun òkè lọ, kó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ìran kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Mo ní, "Ẹ ti sọ fún Bàbá Délé?"

"Ẹnu ìyẹn kò ní ìlẹ̀kùn. Ó ti ra ìwé yunifásítì, ó ń fi hàn kiri."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ẹni tó wà ní Kàdúná?"

Mo rò pé gbogbo sìlípáàsì tí mo wọ́, gbogbo ikọ́ tí mo hú, ìwé mi tó wà nínú àpótí, mo rò pé èrè rẹ̀ ló dé yìí. Mo ní, "Èmi ni ẹ wá yàn, Bàbá?"

Ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ wá sí apá ọ̀dọ̀ mi. Ó yà á lẹ́nu ni, kò bínú. Ó ní, "Ìwọ kẹ̀? Ó sú mi láti máa dá a mọ̀ ni. Bí ìwọ bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́?"

Mo gbé igbá omi, mo síwájú rẹ̀, mo ń wọ́ bàtà lọ.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn o. Lọ́dún kan tí ikọ́ gidi mú mi, tí n kò lè gòkè, bọ́ọ̀sì àlejò mẹ́ta dé lọ́jọ́ kan náà. Bàbá jókòó sí ìdí òkè, ó gbé ọ̀pá dí ọ̀nà. Dírẹ́bà ń pariwo pé Ìbàdàn làwọn ti wá. Bàbá ní, "Ẹ padà sí Ìbàdàn. Ọba kò sí nílé." Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọba kò fi sí nílé, títí ara mi fi yá. Màámi ní nítorí pé ó fẹ́ràn mi ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò lè rí ọ̀nà. Mo ti gbé méjèèjì yẹ̀ wò títí, mo sì ti fi í sílẹ̀.

Nígbà tí àìsàn wó o mọ́lẹ̀, Bàbá Délé ń wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. N kò lè sọ pé èèyàn búburú ni. Ó ń wẹ Bàbá, ó ń gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ gidi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Bàbá kú, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi wà ní apá kejì, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú pé mo bèèrè. Lórí ọ̀rọ̀ òkè yẹn, ṣé nǹkan kan wà tí mi ò mọ̀? Èmi ni màá gbà á ṣọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ mi. Mo ń wo ètè Bàbá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rèé, àkọ́bí rẹ̀ rèé, tó ń sunkún. Bàbá mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ wà lókè. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀."

Bàbá Délé dúpẹ́. Ó fi ìka nu ojú. Bàbá yí orí sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá tẹ́lẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí, máa fẹ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò pè mí lórúkọ.

A sin ín. Lọ́jọ́ kẹjọ, ẹbí jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án láti pín àwọn nǹkan rẹ̀. Bàbá Délé bọ́ sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ní orí òkè ni a máa ṣọ́ títí láé, òun yóò tilẹ̀ fi sìmẹ́ńtì yí òkìtì náà ká. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wà lásán, ahoro àti ejò ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan láti Iléṣà fẹ́ fi ṣe oko adìyẹ. Òun ti gbà fún un. Katapílà ń bọ̀ lọ́túnla.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo wà, mo gbé tíréè omi dání. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹlòmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀."

Bàbá Délé wò mí. "Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè."

"Ọba kò sí lókè. Ìsàlẹ̀ ló wà. Bàbá sọ ọ́ fún mi."

Àǹtí Ṣadé, àbúrò bàbá mi obìnrin, bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bo ẹnu. "Bàbá sọ ọ́ fún ìwọ? Ìwọ oní-sìlípáàsì? Ṣé ìgbà tí ò ń wúkọ́ ló sọ ọ́ ni?" Gbogbo wọn wá rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín burúkú. Bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín ọmọdé ni.

Bàbá Délé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mojí, ìṣojú ẹ ni mo ṣe bi Bàbá. Abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ. Kí ni Bàbá sọ?"

Mo gbé tíréè omi mọ́ àyà.

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

"Ó ní gbogbo rẹ̀ wà lókè, sà."

"Ó ní kí ni wà nísàlẹ̀?"

"Ó ní kò sí nǹkan kan, sà."

"Ìwé yunifásítì ní òkè. Bàbá ní òkè. Ìwọ ní ìsàlẹ̀." Ó mi orí, àánú mi ń ṣe é. "Ìbànújẹ́ ló ń ṣe ọmọ yìí. Ẹ gba tíréè lọ́wọ́ rẹ̀."

Màámi fà mí ní ìró, ó mú mi jáde. Ní ilé ìdáná ó bi mí léèrè pé ṣé òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ti igi bọ iná. Ó ní, "Má sọ ọ́ mọ́. Wọ́n á ní orí ẹ ti dàrú, kò sì ní sí ẹni tó máa fẹ́ ẹ." Mo mọ̀ pé òun náà kò gbà á gbọ́ tán.

Bàbá jàre, bó ti ń jàre nígbà gbogbo. Òun ni ó purọ́, èmi ni wọ́n pè ní òpùrọ́. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ìwé tó gbà lọ́wọ́ mi. Ó mọ̀ pé báyìí ló máa rí, ó sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí rẹ̀, ó sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó jí, mo mú àdá, mo lọ sí inú ahoro. Ọ̀pẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi tó orí rẹ̀. Mo gé ewé àárín rẹ̀ tí kò tíì là, mo ya á wẹ́wẹ́, mo fi ṣe màrìwò. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo so ó láti ara igi dé ara igi yí ibi àpáàdì náà po, mo jẹ́ kó rọ̀ dé ilẹ̀. Kò sí dírẹ́bà katapílà tó máa gba abẹ́ màrìwò kọjá láìmọ ẹni tó so ó. Bàbá Délé pàápàá, díákónì ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó yà fún un lójú ọ̀nà, tó ní bàtà òun ló já. Wọ́n á ní àwọn àgbà kan ló so ó. Wọ́n á wá àwọn àgbà náà kiri.

Ilẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ mi hàn káàkiri ibẹ̀. Mo já ewé, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn padà, mo ń gbá ipa ẹsẹ̀ mi rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n bá rí i pé ẹsẹ̀ obìnrin ni, wọ́n á já a dànù.